Orúkọ Òyìnbó Tí Ọ̀ṣuntóyè Fún Àbúrò Ọkọ Rẹ̀

Ẹni tó bá mọ Victorin, akọ̀wé bùrò ìjọba ní Ifangni, ní àwọn ọdún tí Dàhòmì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, yóò sọ fún ọ pé ọkùnrin náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "n ò mọ̀". Lára ẹni tó jókòó sídìí ayò, ìwà yìí kò burú, a ó fi rẹ́rìn-ín lásán ni. Lára akọ̀wé, ewu ni, nítorí pé àwọn ènìyàn máa ń gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Bí òjò bá ṣú, wọn a bi í bóyá yóò rọ̀. Bí ara ọmọ bá ń gbóná, wọn a gbé ìgò oògùn tọ̀ ọ́ lọ pé kó bá wọn ka ohun tó wà lára rẹ̀. Victorin a sì kà á, ì báà jẹ́ Faransé ni wọ́n kọ sí i, ì báà jẹ́ èdè àwọn ará Jámánì. Ọlọ́run ló ń ṣọ́ àwọn ọmọ Ifangni nígbà náà.

Gẹ̀ẹ́sì ló wá di ohun tí gbogbo wa ń ṣojúkòkòrò sí lásìkò yẹn. Nàìjíríà náà ti gba òmìnira, bodè kò sì jìnnà. Téèyàn bá ti kọjá Igolo, ó ti wọ Idiroko nìyẹn, níbi tí àwọn ọmọ ìyá wa kan náà ti ń kí ara wọn ní gúdù mọ́nìn. Àwa tí wọ́n fi pàṣán kọ́ ní Faransé ń wò wọ́n bíi pé wọ́n ń jẹ ẹran tí wọn ò bù fún wa. Victorin ní òun gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ẹni tó bá ti gbọ́ Faransé, kí ló tún kù nínú Gẹ̀ẹ́sì? A gbà á gbọ́. Ta ni yóò dán an wò?

Ọ̀ṣuntóyè ni ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ko-Koumolou, tó ń ta epo pupa. Kò tíì pẹ́ nílé ọkọ. Ẹ sì mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ tó ń rá kòrò. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn. Òun ni yóò fún kálukú ní orúkọ tí yóò máa fi pè é, orúkọ náà sì gbọ́dọ̀ bá ojú tàbí ìwà ẹni náà mu, torí ojú ìyàwó kì í kúrò lára ará ilé. Ọ̀ṣuntóyè ti pe ọ̀kan ní Adúmáadán, ó ti pe òmíràn ní Eyínfúnjowó. Oyèbámijí ló kù, àbúrò tó tẹ̀ lé Victorin, tó ń ránṣọ lẹ́bàá ọjà.

Oyèbámijí jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́. Bó bá ní ọjọ́ Jimọ̀ ni aṣọ yóò jáde, ọjọ́ Jimọ̀ náà ni. Télọ̀ mélòó lẹ mọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ọ̀ṣuntóyè ní orúkọ lásán kò lè tó irú ọkọ yìí, ó ń wá èyí tó níyì.

Idiroko ló ti bá orúkọ náà pàdé, níbi tó gbé epo lọ tà. Àwọn akọ̀wé méjì kan dúró lábẹ́ igi, wọ́n ń retí ọkọ̀ tó ń ti Èkó bọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ náà yọ, tó rí gbàgìdì, tó ń bú ramúramù nínú eruku, ọ̀kan nínú wọn nawọ́ sí i, ó ní, "Ẹrátíìkì!" Èkejì rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú, òun náà sì tún un sọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí Ọ̀ṣuntóyè. Ohun tó bá ga tó báyìí, tó lágbára tó báyìí, tí àwọn akọ̀wé fi ń yọ̀, orúkọ rere ni yóò jẹ́. Ó ń tún un pè lẹ́nu títí ó fi dé ilé, kó má baà jábọ́ sọ́nà.

Victorin ń bọ́ bàtà lọ́wọ́ nígbà tó kúnlẹ̀ tì í.

"Ẹ dákun, akọ̀wé mi, kí ni wọ́n ń pè ní ẹrátíìkì ní Gẹ̀ẹ́sì?"

Victorin kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí láyé. Faransé ní ọ̀rọ̀ kan tó fara jọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sí níbi tí Victorin kàwé dé. Bó bá ní òun kò mọ̀, kí ni ì bá bàjẹ́? Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, obìnrin tó fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbójú sókè, ó rí bí obìnrin náà ṣe ń wo òun, ojú tí wọ́n fi ń wo ẹni tó mọ nǹkan, kò sì fẹ́ kí ojú yẹn yí padà.

"Ẹrátíìkì? Bon," ó ní. "Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ń bọ̀, tó sì dé. Voilà."

"Ó dá yín lójú?"

"Àbí o fẹ́ kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì ni?"

Ọ̀ṣuntóyè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí Victorin ti lọ sí bùrò, ó fún Oyèbámijí lórúkọ lójú gbogbo ilé. Kí oṣù tó parí, orúkọ náà ti mọ́ ọn lára. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ń pè é ní Ọ̀gá Ẹrátíìkì, àwọn tó ń gbé aṣọ wá ń pè é bẹ́ẹ̀, inú òun náà sì ń dùn. Nígbà àkọ́kọ́ tí Victorin gbọ́ ọ lẹ́nu ará ọjà, ó sáré kọjá bí ẹni tí kò gbọ́. Ó ní ohun tí kò tíì pa ènìyàn kò lè pa á mọ́.

Ìgbà tó yá ni Oyèbámijí rí Mojọlá, ọmọ Idiroko. Bàbá ọmọ náà ti kú, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà, olùkọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Tíṣà Jẹ́láàní. Ọkùnrin náà kò le sí ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ẹni tó bá ń wá ìyàwó. Ó ti fi ẹ̀gbọ́n Mojọlá fún ọkùnrin kan rí tó ń wà nílé lónìí, tó ń di àwátì lọ́la, ọmọbìnrin náà sì ti kó ọmọ méjì padà wá bá a. Ó búra pé irú rẹ̀ kò ní wọlé òun mọ́. Ó bi Oyèbámijí ní ìbéèrè títí àárẹ̀ fi mú àwọn méjèèjì kó tó ní kí àwọn ènìyàn rẹ̀ wá. Oyèbámijí sì ti sọ fún wa pé bí kì í bá ṣe Mojọlá, òun kò ní fẹ́ ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ ìdána, àárọ̀ ni wọ́n ti gbéra. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló kó wọn. Bàbá Ifáṣínà, àbúrò bàbá wọn tó jẹ́ olórí ilé, jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Àwọn ọkùnrin wà lẹ́yìn, àwọn ìyàwó ilé wà láàárín ẹrù. Obì wà, orógbó wà, oyin, iyọ̀ àti iṣu. Wọn ò gbé sódabì, ọtí ògógóró wa, dání nítorí pé Mùsùlùmí ni àwọn àna, ṣúgà ni wọ́n fi dípò rẹ̀. Victorin wọ kóòtù. Ó ti sọ fún Bàbá Ifáṣínà pé bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún òun.

Nǹkan kọ́kọ́ ń lọ déédéé. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n jókòó. Àwọn àna wá ní kí ọkọ ìyàwó dìde káwọn rí i. Oyèbámijí dìde, àwọn ìyàwó ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ tí wọ́n ń pè é kí i. Ohùn Ọ̀ṣuntóyè ló ga jù.

"Ọkọ mi Ẹrátíìkì! Ẹ wò ó dáadáa o, kò sí irú ẹ̀ mọ́ ní gbogbo Ifangni! Ẹrátíìkì tèmi!"

Àwọn ọ̀dọ́ ilé náà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí wọ́n fi ń wo ẹni tó wọ aṣọ sódì. Tíṣà Jẹ́láàní gbọ́wọ́ sókè, wọ́n dákẹ́.

"Ìyàwó," ó ní, "tún un pè kí n gbọ́."

Ọ̀ṣuntóyè fi ẹ̀rín tún un pè.

"Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni, sà," Oyèbámijí dáhùn. "Orúkọ tí wọ́n fi ń pè mí nílé ni."

Tíṣà yọ awò ojú rẹ̀. Ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ olùkọ́, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìṣàlàyé.

"Mo mọ̀ pé Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ yín lọ́hùn-ún, kò burú. Gẹ̀ẹ́sì lèyí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bá a ṣe ń lò ó. Òjò tó ṣú tí kò rọ̀, tó tún wá rọ̀ nígbà tẹ́nì kan ò retí ẹ̀, ẹrátíìkì ni. Aago tó ń ṣiṣẹ́ lónìí, tó dákẹ́ lọ́la, tó bá di ọ̀túnla tó ń sáré, ẹrátíìkì ni. Ọkọ̀ tó ń ti Èkó wá síbí, tó bá wù ú kó dé láàárọ̀, tó bá wù ú kó sùn sọ́nà, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo akọ̀wé Idiroko ṣe ń pè é. Tí wọ́n bá wá fi pe ènìyàn, ohun tí wọ́n ń wí ni pé onítọ̀hún kò ṣe é gbára lé. Ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó máa ṣe, àfi tó bá ṣe é tán. A kì í fi yin ènìyàn."

Oyèbámijí ṣì wà lórí ìdúró, kò mọ bóyá kí òun jókòó.

Tíṣà yíjú sí Bàbá Ifáṣínà. "Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ìyàwó ilé la ti ń mọ ìwà ọkùnrin. Ìyàwó kì í fúnni lórúkọ tí ò báni mu. Ẹ̀gbọ́n Mojọlá wà nínú yàrá yẹn pẹ̀lú ọmọ méjì, ọkọ tí orúkọ yìí ń sọ gan-an ló fẹ́. Ṣé kí n tún mú èkejì fún ẹni tí ilé ara rẹ̀ ti jẹ́rìí sí?"

"Orúkọ náà ló purọ́, Tíṣà," Bàbá Ifáṣínà wí. "Ọmọ wa ò rí bẹ́ẹ̀."

"Ta ló wá sọ ọ́ ní orúkọ tó purọ́ mọ́ ọn?"

Ọ̀ṣuntóyè ti wà lórí eékún rẹ̀. "Èmi ni, bàbá. Ẹ forí jì mí. N ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí."

"Kí lo rò pé ó jẹ́?"

"Mo rò pé ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ kì í yẹ̀ ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

Ọ̀ṣuntóyè kò wo ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀. Victorin rí i pé kò wo ọ̀dọ̀ òun, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, ìbàlẹ̀ ọkàn náà sì tì í lójú.

"Mo kàn rò ó bẹ́ẹ̀ ni," obìnrin náà wí.

"Wọ́n ní akọ̀wé lọkọ rẹ." Tíṣà ti rí kóòtù náà. "Ọ̀gá akọ̀wé, ṣé kò bi yín ni?"

Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí Victorin sọ: "Èmi ni mo sọ fún un, n ò sì mọ̀ ọ́n." Àwọn àna yóò rẹ́rìn-ín, ojú yóò tì í títí wọn yóò fi délé, ọ̀rọ̀ yóò sì tán. Victorin wo àwọn ará ilé rẹ̀. Bàbá Ifáṣínà gbé fìlà wọn lé orúnkún, fìlà náà ni wọ́n ń wò. Oyèbámijí ń wo ilẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé dorí kodò. Kò sí ẹni tó yíjú sí i, ó sì rò pé kò sí ẹni tó mọ̀.

"Mais non, rárá o," ó ní. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ẹ kúkú mọ àwọn obìnrin. Wọn ò kàwé. Ohun tí wọ́n bá ti gbọ́ lọ́jà, wọ́n á gbé e wálé. N ò mọ ibi tó ti rí i. Ká ní ó bi mí ni, ǹ bá ti sọ fún un."

Ká ní ó bi mí! Ẹ gbọ́ ohun tó ti ẹnu ọkọ Ọ̀ṣuntóyè jáde.

"Òótọ́ ni," Ọ̀ṣuntóyè wí, ó tẹrí ba. "N ò bi wọ́n."

Ó wá fi eékún rìn títí dé iwájú Tíṣà. "Bàbá mi, ẹ má tìtorí ẹnu mi gba ìyàwó lọ́wọ́ ọkọ mi. Òun ló rán aṣọ tó wà lọ́rùn mi yìí. Ó ní ọjọ́ Jimọ̀, ọjọ́ Jimọ̀ náà ló fún mi. Ẹ rán ènìyàn lọ sí Ifangni, kí wọ́n bi ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo gọ̀, òun ò ṣe nǹkan kan." Ẹkún gbà á lẹ́nu níbẹ̀.

Ìyá àgbà kan nínú àwọn àna ló kọ́kọ́ sọ pé ó tó, pé ẹni tó lè kúnlẹ̀ báyìí nítorí àbúrò ọkọ, àbúrò ọkọ náà kò lè jẹ́ ènìyànkénìyàn. Tíṣà mí kanlẹ̀. Ó fi awò rẹ̀ sójú, ó wo Oyèbámijí fún ìgbà díẹ̀, ó sì ní kí wọ́n pe Mojọlá jáde. Wọ́n fún wọn ní ìyàwó. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀ṣuntóyè jáde lọ fọ ọwọ́, àwọn ọ̀dọ́ yẹn ń pè é ní Màdáàmù Ẹrátíìkì, ó sì padà wọlé láìfọ ọwọ́.

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Bàbá Ifáṣínà ní àwọn kò jókòó síwájú mọ́, ẹ̀yìn lọ́dọ̀ àwọn ìyàwó ni àwọn fẹ́ wà. Victorin rò pé atẹ́gùn ni bàbá ń wá. Òun ló jókòó ti awakọ̀ láti Idiroko dé Ifangni.

Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ fún un lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀, ó bu omi fún un. Victorin ń retí ìbínú. Ì bá dùn mọ́ ọn bí obìnrin náà bá gbé abọ́ sọ lulẹ̀.

"Ṣé inú ń bí ọ?" ó bi í.

"Rárá o. Ẹ jẹun kó tó tutù."

Ó ti abọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dìde, ó gba ọjà lọ. Ó pinnu pé òun yóò sọ ọ́ fún Oyèbámijí, torí àbúrò ni, ìtìjú níwájú àbúrò kéré sí ti ibòmíràn. Ó bá a nídìí ẹ̀rọ, ó ń rán etí aṣọ kan.

"Bámijí," ó ní, "orúkọ yẹn. Ọ̀ṣuntóyè kọ́ ló ronú kàn án. Èmi ni..."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó." Oyèbámijí gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "A mọ̀."

"Ẹ mọ kí ni?"

"Lọ́jọ́ tó fún mi lórúkọ, ìyàwó wa ò jẹ́ ká yin òun. Ó ní kì í ṣe òun ló ni ín, pé ẹ̀yin lẹ sọ ìtumọ̀ ẹ̀ fún òun, òun kàn bá yín gbé e wá ni. Gbogbo ilé ló wà níbẹ̀. Bàbá gan-an ní ìwé tẹ́ ẹ kà ti ń ṣe wá láǹfààní. Nígbà tí Tíṣà bi yín léèrè lónìí, a dákẹ́ kẹ́ ẹ lè ráyè sọ ọ́ fúnra yín." Ó gé òwú. "Ẹ ò sọ ọ́."

Victorin bi í pé, "Kí ló dé tẹ́nì kan ò sọ ọ́?"

"Ká tú yín fó lójú àna? Bàbá ti fẹ́ bá yín sọ ọ́ nínú ọkọ̀. Ìyàwó wa ló di wọ́n lẹ́sẹ̀ mú. Ó bẹ gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ká má jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ láé pé a mọ̀, pé ẹ̀yin ò ní lè gbà á mọ́ra. Èmi náà ṣèlérí. Ẹ má bínú, n ò lè wò yín kẹ́ ẹ máa là á yé mi bíi pé ẹ̀ ń tú àṣírí."

Ó ti ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò sí ìbínú nínú rẹ̀, èyí ló dun Victorin jù. Àwọn tó jókòó yí i ká ní Idiroko, tó wò bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, gbogbo wọn ló ń fetí sí i bó ṣe ń purọ́ mọ́ ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé irọ́ ni láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ó dìde láìdágbére. Ó ń rò ó pé gbogbo ẹni tó ń kí i lọ́nà ló ti gbọ́.

Nígbà tó wọ agboolé, àwọn ìyàwó ilé wà lábẹ́ igi ọsàn, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Bàbá Ifáṣínà fẹ̀yìn ti ògiri. Ọ̀ṣuntóyè rí i, ó nu ọwọ́, ó kúnlẹ̀ pé kó kí i káàbọ̀. Victorin kò jẹ́ kó parí ìkíni náà. Ó dúró sáàárín agbo wọn, ó bọ́ kóòtù tó ti wọ̀ láti àárọ̀, kò sì mọ ibi tí yóò gbé e sí.

"Èmi ni," ó ní. "Ó bi mí. N ò mọ̀ ọ́n, mo purọ́ fún un. Mo tún purọ́ mọ́ ọn."

Kò sí ẹni tó ṣe háà. Bàbá Ifáṣínà kò gbé orí sókè. Àwọn obìnrin ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ bí ẹni pé ẹnì kan ló sọ fún wọn pé oòrùn mú.

Ọ̀ṣuntóyè nìkan ló dìde. Láti àárọ̀, kò tíì bínú sí ẹnikẹ́ni. Kò wo ọkọ rẹ̀, àwọn tó kù ló yíjú sí, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ta ló sọ fún un pé ẹ mọ̀?" ó ní. "Mo bẹ̀ yín. Àbí n ò bẹ̀ yín? Ta ló sọ fún un?"